Ìfẹ́ Tí Mo Ní Sí Ìyá Mi Fẹ́rẹ̀ẹ́ Sọ Wọ́n Di Aláìlèrìn

Kí n tó bá ọ̀rọ̀ mi lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ gbangba pé èmi kì í ṣe dókítà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, iṣẹ́ ká máa sáré kiri wá ìròyìn ni mo fi ń jẹun. Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ ọkàn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá tó bí mi lọ́mọ. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ ó rí i pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi níbẹ̀.

Ẹlùbọ́ ni màmá mi ń tà ní Ọjà Ọba, n'Íbàdàn. Ẹni tó bá ti ti Bẹẹrẹ gòkè lọ sí Màpó rí, kò dìgbà tí mo bá ń ṣàlàyé bí gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ ibẹ̀ ṣe rí fún un. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, òkè yẹn ni màmá mi ń gùn láràárọ̀. Ẹrù ẹlùbọ́ á wà lórí wọn, wọ́n á máa kí èrò ọ̀tún, wọ́n á máa kí èrò òsì, wọn kò sì ní mí gúle.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹni tó ń gun òkè láìdúró bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́ẹ̀kan, ó di ẹ̀ẹ̀mejì, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bí wọ́n bá délé lálẹ́, wọ́n á ní, "Àlàó, àyà mi ń jà pìtìpìtì bí adìẹ tí wọ́n dé mọ́ abẹ́ agbọ̀n." Wọ́n ní á sáré, á fo ẹsẹ̀ kan, á dà bí ẹni pé ó fẹ́ dúró, á tún sáré. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwa ará ilé ń sọ o. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọjọ́ orí ni. Aládùúgbò kan ní ayé ni, pé ẹnì kan ló ń pe orúkọ wọn lóru. Oníkẹ́míìsì kan ní ẹ̀jẹ̀ ni kò tó lára wọn, ó ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ìgò méjì fún wọn, wọ́n sì mu ún tán pátápátá. Èmi tí mo ń pe ara mi ní akọ̀ròyìn náà ńkọ́? "Màámi, ẹ máa sinmi díẹ̀díẹ̀" ni mo ń wí. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa tó fi ìka lé ọrùn ọwọ́ wọn kó ka bí iṣan ibẹ̀ ṣe ń sọ.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́, wọn kò tíì gun òkè náà dé ìdajì tí òòyì fi kọ́ wọn. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n jókòó sí etí gọ́tà. Ìyàwó alápatà kan ló bomi sí wọn lójú, òun náà ló pè mí lórí fóònù. Bí mo ṣe débẹ̀, mo gbé wọn sínú Máíkírà, ó di ọsibítù. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ wọn mú, ó ń wo aago, ó ń kà. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ sáré wá ni?" Wọ́n ní, "Sáré kẹ̀? Ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé mi wá, ọmọ mi."

Wọ́n lẹ okùn ẹ̀rọ mọ́ wọn láyà, ẹ̀rọ náà sì ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí pépà. Ìgbà 138 ni ọkàn màmá mi ń lù ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ìjókòó jẹ́jẹ́ ni wọ́n wà o! Ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́ sábà máa ń lù láàárín 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé kò lù dọ́gba. Ìlà orí pépà yẹn, ọ̀kan sún mọ́ra, ọ̀kan jìnnà síra, bí ọmọdé ṣe ń gbin àgbàdo.

Dókítà obìnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ó ní ọkàn ènìyàn dà bí ilé oníyàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Yàrá òkè ni ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ ń wọ̀, ibẹ̀ á fún un sí ìsàlẹ̀, yàrá ìsàlẹ̀ á wá fi agbára tì í jáde lọ sí gbogbo ara. Iná kékeré kan wà nínú ọkàn tó ń sọ ìgbà tí kálukú máa fún. Lára màmá mi, iná yẹn ti ń ṣẹ́ káàkiri nínú yàrá òkè, kàkà kí ibẹ̀ fún dáadáa, ńṣe ló ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ kò wá mọ ìgbà tó yẹ kó lù mọ́. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú káàdì ni atrial fibrillation. Àwa tiwa ń pè é ní ọkàn tí ń lù ségesège.

Màmá mi ní gbogbo rẹ̀ kò yé àwọn. Dókítà bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní ẹlùbọ́. Ó ní, "Ó dáa, Màmá. Bí ẹ bá ń wọn ẹlùbọ́ fún oníbàárà, tí ẹ fara balẹ̀, kóńgò á kún kí ẹ tó dà á sínú àpò. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń lé yín pé kíá, kíá, kíá, tí kóńgò kò tíì kún tí ẹ ti ń dà á, ẹ lè dà á nígbà 138 o, ẹlùbọ́ inú àpò kò ní pọ̀ tó." Màmá mi mi orí wọn. Wọ́n ní, "Ó ti yé mi. Ìdajì kóńgò ni ọkàn mi ń tà."

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Nínú ẹ̀jẹ̀ 100 tí ń wọ yàrá ìsàlẹ̀, nǹkan bí 20 sí 30 ni fífún tí yàrá òkè ń fún máa ń fi kún un. Bí yàrá òkè bá ń gbọ̀n, èyí ti sọnù. Bí ọkàn bá tún ń sáré, àyè tí ìyókù máa fi wọlé kò tó. Ènìyàn lè jókòó kó má mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bó bá dìde láti gun òkè tàbí láti gbé ẹrù, ẹsẹ̀ á ní òun fẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí i, ọkàn á tún sáré sí i, kóńgò á tún fúyẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí òkè Màpó ni àìsàn yìí ti kọ́kọ́ fara hàn wá, kì í ṣe lórí àga.

Kí ló fà á? Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ màmá mi, ó ti ń ru, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ru tí a kò mọ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fà á fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ọtí àmujù ń fà á, sísanra jù ń fà á. Ọ̀fun dídùn ọmọdé tí a kò tọ́jú lè ba ilẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́, kó wá di èyí tó bá yá. Nǹkan kan sì wà lọ́fun, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, bí ìyẹn bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè da ìlù ọkàn rú.

Ẹ má sì rò pé àìsàn aláìní ni o. Ní ọjọ́ 4, oṣù karùn-ún, ọdún 1991, George Bush àgbà, tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ń sá eré ìdárayá ní Camp David nígbà tí èémí rẹ̀ kúrú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ọkàn tí ń lù ségesège ni wọ́n bá níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ délẹ̀, ibi ọ̀fun tí mo wí yẹn ló ti wá. Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ọkùnrin yìí tún lo ọdún 27 láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 2014 tó pé ẹni 90 ọdún, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ẹnì kan, ó sì fi páráṣúùtì bọ́ sílẹ̀ láti inú hẹlikópítà. Ẹ gbọ́ o, ẹni 90 ọdún!

Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń dúró lójú kan nínú yàrá tí ń gbọ̀n lè dì bí ògì. Bí èyí tó dì bá já, tó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Framingham l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé ẹni tó ní ọkàn tí ń lù báyìí sún mọ́ rọpárọsẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ju ẹni tí kò ní lọ. Nítorí náà, oògùn mẹ́ta ni wọ́n kọ fún màmá mi, ọ̀kan láti fa ìjánu ọkàn kó má sáré mọ́, ọ̀kan kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, ọ̀kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ibí yìí wá ni ẹ̀bi tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe délé, mo ṣòfin. Mo ní màmá mi kò gbọdọ̀ lọ sọ́jà mọ́. Mo fa ìsọ̀ wọn lé ọmọ àbúrò wọn lọ́wọ́. Mo ra àga onítìmùtìmù, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Wọn kò gbọdọ̀ gbálẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ pọnmi, wọn kò gbọdọ̀ ro ọkà. Bí wọ́n bá dìde, mo ti kígbe, "Màámi, ẹ jókòó o!" Ẹ̀rù ló ń bà mí, n kò ní puró fún yín. Wọn kò tíì bí mi nígbà tí Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ní Súrùlérè ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1989, níbi tí Nàìjíríà ti ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Àǹgólà. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò yé sọ ọ́ fún wa. Ọmọ ọdún 25, ó ṣubú, kò sì dìde mọ́. Ohun tó jókòó sí mi lọ́kàn ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá dá ṣáṣá, tó bá sáré pẹ́nrẹ́n, ó ti parí.

Oṣù mẹ́rin ni màmá mi fi jókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo ohun tí àga sọ wọ́n dà! Oṣù kìíní, wọ́n ń rìn lọ sí ilé aládùúgbò. Oṣù kẹta, láti yàrá dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á dúró di ògiri mú. Ẹsẹ̀ wọn rọ̀, itan wọn fún. Àwọn oníbàárà wọn ti bá ẹlòmíràn lọ, ẹni tó ń kọrin ìpolówó ọjà kò sọ̀rọ̀ tó gbólóhùn mẹ́wàá lóòjọ́ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Àlàó, mo dúpẹ́ o. O tọ́jú mi. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe pé o ti sin mí, tí o kàn gbàgbé láti bo ilẹ̀?" N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí a padà lọ rí Dókítà, ó bi mí pé kí ni Màmá ń ṣe láti àárọ̀ dé alẹ́. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú pé, "Wọn kì í ṣe nǹkankan o, Dókítà. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ pàápàá." Mo ń retí kó yìn mí. Kò yìn mí. Ó mú màmá mi bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, ó ní kí wọ́n máa rìn ní lílọ àti bíbọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, bí agbára wọn bá ṣe mọ, kí wọ́n dúró bó bá rẹ̀ wọ́n. Wọ́n dúró lẹ́ẹ̀mejì. Mítà 210 péré ni wọ́n lè rìn.

Dókítà ní, "Bùrọ̀dá, ọkàn ti mú tirẹ̀ nínú agbára Màmá, àga tí ẹ rà fún wọn náà sì ń mú tirẹ̀." Ó ní ẹran ara tí a kò bá lò, ńṣe ló máa ń joro, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ti joro, ọkàn rẹ̀ á ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó lè gbé e dìde. Mo dá Okwaraji sílẹ̀. Ó ní ọ̀tọ̀ ni ti ọkùnrin yẹn. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ eré àṣekágbára ló ń sá. Ó ní, "Ẹnì kan kò ní kí Màmá gbá bọ́ọ̀lù. Ọkàn wọn kì í sáré jù mọ́ nísinsìnyí, oògùn ti dì í mú. Ìrìn ló kù."

Mo jẹ́ akọ̀ròyìn, mo ní kó fi ẹ̀rí hàn mí. Ó fi hàn mí. Ní Norway, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní 2016 lórí ènìyàn 51 tí ọkàn wọn máa ń dàrú lóòrèkóòrè. Wọ́n mú apá kan ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọkàn àwọn tó ṣeré kò dàrú tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ti àwọn tí kò ṣe é kò dín kù. Ní Adelaide, l'Ọsirélíà, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ènìyàn 120 fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tó pé ọdún kan, nínú ènìyàn 100 tó ṣeré, àìsàn náà kò padà sára 40. Nínú àwọn tí kò ṣe é, 20 ni. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe idán. Kò wo gbogbo ènìyàn sàn, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì kì í ṣe nǹkan kékeré.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, kí oòrùn tó mú, èmi àti màmá mi á jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin tí Dókítà fún wa rọrùn, pé kí wọ́n rìn débi tí wọ́n fi lè máa bá mi sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò fi ní lè kọrin. Bí wọ́n bá lè kọrin, kí wọ́n yára díẹ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ kò bá já geere lẹ́nu wọn, kí wọ́n rọra. Bí àyà bá dùn wọ́n tàbí òòyì kọ́ wọn, kí wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀, kí a sì padà sí ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ń fi ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kún un. Nílé, wọ́n á dìde lórí àga, wọ́n á tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá. Àga tí mo rà wúlò nígbẹ̀yìn!

Ìrìn àárọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mọ ìyá mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ gbèsè tí wọ́n jẹ kí n tó lè ṣèdánwò ìwé mẹ́wàá fún mi, ohun tí n kò mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n tún rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù yẹn. Mítà 345, wọn kò sì dúró. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Àwọn aláìsàn tó jókòó náà pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n padà sí Ọjà Ọba, èmi ni mo tẹ̀ lé wọn gun òkè. Alábàárù ló gbé ẹrù, nítorí a ti fẹnu kò pé ẹrù kò tún gun orí wọn mọ́. Wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kan, ní ọ̀gangan etí gọ́tà tí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́sí. Wọ́n mí, wọ́n wo ibẹ̀, wọ́n ní, "Ó yá, Àlàó." A sì lọ. Bí àwọn ọlọ́jà ṣe rí wọn, ariwo sọ. Ẹ má bi mí bóyá mo sunkún.

N kò ní tàn yín jẹ o. Ọkàn màmá mi ṣì ń lù ségesège. Oògùn wọn, ojoojúmọ́ ni. Ọjọ́ mìíràn á wà tó máa rẹ̀ wọ́n, wọn kò ní lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn, wọ́n ń tà, wọ́n sì ń bá mi jà bí n kò bá tètè wálé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ rèé. Ẹ fi ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín lé ọrùn ọwọ́ yín, lábẹ́ àtàǹpàkò, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má fi àtàǹpàkò kà á, torí òun náà ń sọ tirẹ̀. Ó yẹ kó máa lọ déédéé bí ọmọrí odó tí ènìyàn méjì tó mọwọ́ ara wọn ń gún. Bó bá ń fo, tó ń sáré, tó ń dúró, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kò pẹ́ rárá. Ẹni tó bá ń mí hẹlẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tàbí tó ti dákú rí, kó má dá eré ìdárayá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má dá a dúró, kó má sì da àgbo tàbí oògùn ara ríro mọ́ ọn láìbéèrè, ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dà nínú. Bí ẹnu ẹnì kan bá sì ṣàdédé wọ́, tí apá rẹ̀ rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́, ẹ má gbé e lọ sí ibòmíràn, ọsibítù ni, kíákíá.

Àṣejù náà kò dára. Ní Sweden, níbi tí wọ́n ti máa ń fi pátákó sáré lórí yìnyín fún kìlómítà 90, wọ́n ṣàyẹ̀wò àwọn tó lé ní 52,000 tó ti sá eré náà. Àwọn tó sá a lọ́pọ̀ ìgbà jù lọ, tí wọ́n sì yára jù, àwọn ni ọkàn wọn tún máa ń dàrú jù. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ló dára.

Sí ẹ̀yin ọmọ bíi tèmi, tí ẹ ti ti ìyá yín mọ́lé nítorí pé ẹ fẹ́ràn wọn, mo bẹ̀ yín. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó ṣòfin. Ẹ dìde láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ di ọwọ́ wọn mú, kí ẹ jọ rìn dé orígun ilé. Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà, ẹ kọ lẹ́tà sí ojú ewé yìí kí a gbọ́. Màmá mi ní kí n kí gbogbo yín, wọ́n sì ní kóńgò ẹlùbọ́ tiwọn kì í ṣe ìdajì o, ó ń kún dáadáa.